Ìwé Jeremáyà Kì Í Ṣe Ìwé Àdákà

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìpàdé ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti owó dídá. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iléèwé nìyẹn o. Ìwé tí à ń wí yìí, bí a bá kà á bí kò ṣe yẹ, ó lè lé ènìyàn kúrò nílé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́. Bí a bá sì kà á bó ṣe yẹ, ó lè jẹ́ kí onítọ̀hún fọkàn balẹ̀ gbé pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀.

Ìwé Wòlíì Jeremáyà ni. Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ lágbègbè yìí mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Bí ìbò bá ti ń súnmọ́, tàbí tí a bá gbọ́ pé ìjà ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan, kíá ni iṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí fóònù: wòlíì kan ríran, ìyá àdúrà kan lá àlá. Ibi tí wọ́n sì máa ń fà yọ nínú Bíbélì láti fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni orí kìíní ìwé Jeremáyà, níbi tí wòlíì ti rí ìkòkò kan tó ń hó, tí a sì sọ fún un pé ìhà àríwá ni ibi yóò ti wá. Wọn á ní: "Àríwá náà nìyí, Òkè-Ọya la wà yìí, kí oníkálukú tètè di ẹrù rẹ̀." Àwọn kan á di ẹrù lóòótọ́. Àwọn kan á ta ilé ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn kan ò ní kó ẹrù, wọn ò ní ta ilé, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè wo ojú Haúsá tí wọ́n ti ń bá tajà láti ọdún gbọ́nhan mọ́.

Nítorí èyí ni àwa kan ládùúgbò, àgbà lọ́kùnrin lóbìnrin pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ láti inú ìjọ bíi mélòó kan, fi fẹnu kò pé ká jọ ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí 52 ló ní, ọ̀sẹ̀ 52 ló sì wà nínú ọdún. Orí kan lọ́sẹ̀ kan, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fẹ́ kí ẹ bá wa gbọ́. Ìwé tó le bí èyí, ẹni tó bá ń dá a kà, tó ń já ẹsẹ kan ṣoṣo mú níbẹ̀, ẹ̀rù ni yóò fi ba ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn. Àwọn tó bá jókòó yí i ká, tí wọ́n kà á tán pátá, àwọn ni ìwé náà máa ń bá sọ̀rọ̀.

Ibi tí a ti ń kà á

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a wà. Ojú irin tó ti Èkó wá dé Kánò ní 1911. Àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò, àwọn télọ̀ àti káfíńtà bá a wá. Àwọn òyìnbó tó ń ṣèjọba nígbà náà wá ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Sábóńgàrì, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Haúsá sì ni ìlú tuntun. Orúkọ àwọn òpópónà wa ń sọ ẹni tó wá: Yoruba Road, Ibo Road, Abeokuta Road, Enugu Road, Gold Coast. Ní Ìbàdàn àti ní Ṣàgámù, Sábó ni ibi tí àwọn Haúsá ń gbé. Ní Kánò, Sábó ni ibi tí àwa náà ń gbé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tó jẹ́ onílé níhìn-ín ni àlejò lọ́hùn-ún.

A ò sì gbé ibí láìrí ìjì. Oṣù Karùn-ún 1953 wà níbẹ̀. 1966 wà níbẹ̀, nígbà tí àwọn Ìgbò sá kúrò láàárín wa. Oṣù Kẹwàá 1991 wà níbẹ̀. Nígbà tí Yorùbá àti Haúsá jà ní Ṣàgámù ní oṣù Keje 1999, Kánò ni wọ́n ti gbẹ̀san rẹ̀. Oṣù Kẹwàá 2001 àti oṣù Karùn-ún 2004 tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 2013, bọ́ǹbù dún ní Enugu Road. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 2014, òmíràn dún ní Gold Coast. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń ba àwọn ènìyàn wa kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń fi ìran ṣòwò ti ń mú wa.

Ohun tó mú un le

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ìwé náà le. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé kò tò bí ìtàn ṣe ń tò. Bí ẹ bá ka orí 21, ìgbà Ọba Sedekáyà lẹ wà, ogun ti yí Jerúsálẹ́mù ká. Ẹ dé orí 25, ẹ ti padà sẹ́yìn sí ọdún kẹrin Ọba Jehóyákímù. Orí 26 tún padà sẹ́yìn ju ìyẹn lọ. Orí 27 àti 28, Sedekáyà ni. Orí 35 àti 36, Jehóyákímù tún dé. Orí 37, Sedekáyà. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé ọba kan kú, ó tún jí. Kódà ní ìbẹ̀rẹ̀ orí 27, Bíbélì mìíràn kọ Jehóyákímù, òmíràn kọ Sedekáyà, ṣùgbọ́n ẹsẹ kẹta fi hàn pé ìgbà Sedekáyà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Ìdí kejì ni orúkọ. Jehóyákímù ni bàbá, Jehóyákínì ni ọmọ. Ahọ́n á kọ́kọ́ kọsẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ yìí kan náà ni ìwé tún ń pè ní Jekonáyà, tó tún ń pè ní Konáyà. Ìdí kẹta ni pé nínú orí kan ṣoṣo, Ọlọ́run á sọ̀rọ̀, wòlíì á sunkún, àwọn ará ìlú á dáhùn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún wa pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ìdí kẹrin kan àwa gan-an. Bíbélì Yorùbá tí a jogún, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Òun àti àwọn mìíràn ni wọ́n jọ túmọ̀ rẹ̀, odindi rẹ̀ sì parí ní 1884. Yorùbá inú rẹ̀ dùn, ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Sábóńgàrì, tó ń gbọ́ Yorùbá nílé, tó ń sọ Haúsá níta, tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé, kò lè dá mọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀. Àwọn bàbá wa tó gbọ́ ọ náà kò mọ ibi tí Bábílónì wà lórí àwòrán ilẹ̀. Ẹ rí i pé ohun tí ẹnì kan mọ̀, ẹnì kejì kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan ló rí i pé ó le: ẹ̀dà ìwé yìí tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gíríìkì kí wọ́n tó bí Jésù fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ kúrú ju ti Hébérù lọ, ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ sì yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n rí àwọn àkájọ ìwé àtijọ́ nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú láti 1947 lọ, wọ́n bá àjákù ìwé Jeremáyà lédè Hébérù níbẹ̀, àwọn kan bá èyí tó gùn mu, àwọn kan sì bá èyí tó kúrú mu. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń fi sùúrù tò ó.

Bí a ṣe ń kà á

Ìlànà wa kò le. Bíbélì mẹ́ta ló máa ń wà nílẹ̀: ti Yorùbá, ti Gẹ̀ẹ́sì, àti Littafi Mai Tsarki ti Haúsá tó ti wà lódindi láti 1932. Àgbàlagbà kan á ka orí náà sókè ní Yorùbá. Ọ̀dọ́ kan á ka ibi tó bá ta kókó nínú èdè kejì tàbí ìkẹta. A kọ orúkọ àwọn ọba sórí páálí, láti Jòsáyà dé Sedekáyà, a gbé e kọ́ ara ògiri. Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á fi igi tọ́ka sí ọba tí à ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn kíkà, ìbéèrè mẹ́ta la máa ń kọ́kọ́ dáhùn: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ ọ́, ọdún wo ni? Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé "Ọlọ́run fi hàn mí" kí a tó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin yìí bí àwọn kan nínú níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló gbà wá lọ́wọ́ àríyànjiyàn.

Ẹ má sì rò pé ọgbọ́n tuntun nìyí. Àwọn ará ilé wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ti ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́. Bí Ààwẹ̀ bá dé, tí wọ́n bá jókòó sí ìdí tàfúsírì, Ajánásì á ka ẹsẹ Kùránì, Mùfásírù á sọ ìtumọ̀, àwọn èrò á fetí sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dá já ẹsẹ kan gbà sá lọ. Bí àwọn aládùúgbò wa bá ń fi ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ ka ìwé tiwọn, kí ló dé tí àwa á fi máa fi tiwa ṣe ẹ̀tù tí à ń yìn sínú afẹ́fẹ́?

Ọ̀bẹ ọba

Ìwé Jeremáyà fúnra rẹ̀ kọ́ wa bó ṣe yẹ kí a kà á. Orí 36 ló wà. Ní ọdún kẹrin Jehóyákímù, Jeremáyà ń sọ, Bárúkù akọ̀wé ń kọ. Nígbà tó di ọdún kejì, Bárúkù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, àfi bí ẹ bá fẹ́ ka ẹ̀kẹta kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹlòmíràn ló ka ìyẹn. Àkọ́kọ́, ó kà á sí etí gbogbo èrò nínú tẹ́ḿpìlì. Ẹ̀kejì, àwọn ìjòyè ní kó jókòó kó ka tiwọn. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n bi í bó ṣe rí ọ̀rọ̀ náà kọ, wọ́n sì ní kí òun àti Jeremáyà lọ fi ara pamọ́. Ẹ̀kẹta, Jehúdì kà á níwájú ọba. Ìgbà òtútù ni, iná ń jó níwájú ọba. Bí Jehúdì bá ti ka ojú ìwé bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba á fi ọ̀bẹ gé e, á jù ú sínú iná, títí ìwé fi tán.

A pẹ́ lórí orí yìí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wa ló wá sọ pé ẹni tó ń gé ẹsẹ kan jáde láti fi dẹ́rù ba ènìyàn, ọ̀bẹ ọba ló mú dání. Ọba gé ìwé nítorí kò fẹ́ gbọ́. Onítọ̀hún ń gé e nítorí kò fẹ́ kí á gbọ́ ìyókù. Gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn ìjòyè tó jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gba ẹ̀mí wòlíì là. Bárúkù sì tún ìwé kọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì tún pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ àríwá náà yanjú báyìí. A ṣí àwòrán ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Bíbélì. Bábílónì kò sí ní àríwá Jerúsálẹ́mù rárá, ìlà-oòrùn ló wà. Ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ ló wà láàárín wọn, ogun kò sì lè gba inú aṣálẹ̀ kọjá. Wọ́n á gba ẹ̀bá odò Yúfírétì gòkè, wọ́n á yí po, wọ́n á wá sọ̀ kalẹ̀ láti àríwá. Ọ̀nà tí ọmọ ogun Nebukadinésárì gbà wá ni ìwé ń sọ. Kò bá Kánò tan, kò bá Haúsá tan. Ẹ wo iye ènìyàn tí wọ́n ti fi ẹsẹ yìí lé kúrò nídìí iṣẹ́ wọn!

Lẹ́tà sí àwọn àlejò

Ibi tó kàn wá jù ni orí 27 títí dé 29. Ní 597 kí wọ́n tó bí Kristi, wọ́n ti kó Ọba Jehóyákínì àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ sí Bábílónì. Àwọn tó kù nílé ń bi ara wọn léèrè ìgbà tí àwọn èèyàn wọn máa padà. Hananáyà, wòlíì kan, bọ́ síta nínú tẹ́ḿpìlì, ó ní kí ọdún méjì tó pé, gbogbo wọn á ti dé. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ó tún ṣẹ́ àjàgà igi tó wà lọ́rùn Jeremáyà. Ẹ wo ohun tí Jeremáyà ṣe: kò bú u. Ó ní àmín, kí Ọlọ́run ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ wòlíì àlàáfíà bá ṣẹ la ó mọ̀ pé a rán an. Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó tọ̀ ọ́ wá, ó padà wá sọ ọ́. Èyí kọ́ wa pé kì í ṣe ìran tó ń dẹ́rù bani nìkan ló lè jẹ́ èké. Èyí tó ń dùn létí náà ń pa ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ni Jeremáyà kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà ní Bábílónì, ó fi rán àwọn ikọ̀ tí Sedekáyà ń rán lọ sọ́dọ̀ Nebukadinésárì. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n gbéyàwó fún àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà, nítorí bó bá dára fún ìlú náà ni yóò dára fún wọn. Àádọ́rin ọdún ló dá, kì í ṣe méjì.

Ẹ ò rí i pé ó dà bí ẹni pé Sábóńgàrì ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ìjíròrò gbóná lọ́jọ́ náà. Bàbá kan nínú wa ní lẹ́tà yìí ti parí ọ̀rọ̀: ibi tí a ti jẹun pẹ́ nilé. Ìyá kan dá a lóhùn pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé ẹni tó gbàgbé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlá nítorí Kánò kò ní mọ ibi tí wọ́n á sin òun sí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí a bí sí ibí wá dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, Kánò kọ́ ni Bábílónì. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀wọ̀n so bàbá àgbà mi wá, tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ló fi owó ara rẹ̀ rà. Bí a bá ń pe ibí ní Bábílónì, à ń pe àwọn onílé ní aninilára nìyẹn." Ó tún ní síbẹ̀, bí òun bá fẹ́ wọ yunifásítì, wọ́n á bi òun ní ìwé ọmọ ìbílẹ̀, Kánò á ní òun kì í ṣe tiwọn, ìlú bàbá òun náà á ní àwọn kò mọ òun rí.

A ò rí ìdáhùn tó kárí. Ṣùgbọ́n gbogbo wa fẹnu kò lórí nǹkan méjì. Lẹ́tà náà kò sọ pé kí àlejò gba ìlú mọ́ onílé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí àlejò máa gbé orí ẹrù tó ti dì. Ó ní kó ṣe iṣẹ́ tó máa ṣe ìlú láǹfààní. Ìwé yìí kan náà ló sì fi àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn. Nígbà tí àwọn ìjòyè Jerúsálẹ́mù ju Jeremáyà sínú kòtò ẹrẹ̀, kò sí ọmọ onílùú tó yọ ọ́. Ebedi-Mélékì ni, ará Kúṣì, àlejò tó ń ṣiṣẹ́ láàfin. Ó lọ bá ọba sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ó kó àkísà wá kí wòlíì fi sí abẹ́ apá, kí okùn má bàa bó o lára, ó sì fà á jáde. Àlejò ló gba ìlú lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ wòlíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni a mọ àwọn Haúsá tó fi ènìyàn wa pamọ́ sínú ilé wọn nígbà tí nǹkan le. Inúure kò mọ onílé, kò mọ àlejò.

Ilẹ̀ tó rà nígbà ogun

Nínú orí 32, ogun ti yí Jerúsálẹ́mù ká, Jeremáyà wà ní àtìmọ́lé, ó sì ń ra ilẹ̀ ìdílé wọn ní Anátótì ní ṣékélì fàdákà 17. Ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Ìwé méjì ni wọ́n kọ, wọ́n fi èdìdì di ọ̀kan, wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣíṣí, wọ́n kó méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀ kó lè tọ́jọ́. Ẹni tó ń wàásù pé ìlú máa ṣubú ló tún ń ra ilẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á tún máa tà, tí wọ́n á tún máa rà.

Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí pé lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ọ̀pọ̀ Ìgbò padà sí Kánò, wọ́n sì tún rí ilé wọn gbà. A kì í sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ra ilé nítorí orí 32 o. Ìyẹn náà á tún di ọ̀bẹ ọba. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹ má ta ilé nítorí ìran orí fóònù, ẹ sì tọ́jú ìwé ilé yín.

Orí 42 tún kọ́ wa nípa ìkánjú. Jerúsálẹ́mù ti ṣubú, àwọn tó kù fẹ́ sá lọ sí Íjíbítì. Wọ́n bẹ Jeremáyà kó bá wọn bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ló tó rí èsì. Ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ìlú! Àwọn wòlíì orí fóònù wa kì í dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èsì náà ni pé kí wọ́n jókòó. Wọn ò gbà, wọ́n lọ, wọ́n tún fa wòlíì lọ pẹ̀lú.

Àwọn tó sunkún

Kì í ṣe gbogbo ìwé náà la fi ń jiyàn. Ní orí kẹsàn-án, wòlíì ní kí wọ́n pe àwọn obìnrin tó mọ ẹkún sun wá. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ju àwa ọkùnrin lọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí ọjà rẹ̀ jóná nínú ọ̀kan nínú àwọn rògbòdìyàn tí a kà lókè yìí, sọ pé láti ọjọ́ náà, gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún òun pé kí òun dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ó ní òun ti dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ kí òun sunkún. Nígbà tí a ka orí ogún, tí wòlíì fúnra rẹ̀ bá Ọlọ́run jà, tó fi ọjọ́ tí a bí i ré, ìyá yìí ní, "Bí wòlíì bá lè sọ èyí, èmi náà lè sọ tèmi." Ó sọ ọ́. A gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó lè rí irú èyí nínú yàrá tó dá wà.

Ìtàn inú ìwé náà kì í sì í ṣe àlọ́. Orí 34 dárúkọ Lákíṣì àti Asékà pé àwọn nìkan ló kù nínú àwọn ìlú olódi. Ní 1935, àwọn tó ń wa ilẹ̀ ní Lákíṣì rí lẹ́tà tí wọ́n fi yíǹkì kọ sórí àpáàdì nígbà Sedekáyà gan-an. Ẹni tó kọ ọ̀kan nínú wọn ní àwọn ń wo àmì láti Lákíṣì, nítorí àwọn ò rí ti Asékà mọ́. Orí 52 sì parí sórí Jehóyákínì tí wọ́n mú kúrò lẹ́wọ̀n, tó ń jẹun lórí tábìlì ọba Bábílónì. Àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1939 dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí ààfin Nebukadinésárì ń fún ní òróró. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa gbọ́ èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà bí ẹni ń ka lẹ́tà ìdílé.

Ẹ̀yin ìjọ àti ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ẹni tó kàwé jù. Ẹ wá ènìyàn bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ẹ da àgbà pọ̀ mọ́ ọmọdé. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọba sílẹ̀. Ẹ ka orí kan, ẹ má kánjú ka méjì. Bí ibì kan bá ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn títí di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ kan jáde kúrò níbẹ̀ láti fi na aládùúgbò.

Dáníẹ́lì pàápàá, tó jẹ́ àlejò ní Bábílónì, Bíbélì sọ pé ìwé Jeremáyà ló kà tó fi mọ iye ọdún náà. Ohun tó sì ṣe lẹ́yìn tó kà á tán ni pé ó gbàdúrà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò di ẹrù, kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí Kánò tòrò, kó tòrò fún onílé, kó tòrò fún àlejò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí a bá wà láàyè, ọ̀rọ̀ mìíràn á tún jẹ yọ.